Íńtálọ́ọ̀kì iwájú ilé: iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kó pẹ́

Bí ẹ bá rìn yíká àdúgbò tí àwa ọmọ Yorùbá pọ̀ sí nílùú tí a tẹ̀dó sí, ì báà ṣe Sábóńgàrí ní Kánò, ì báà ṣe Jọ́ọ̀sì, Kàdúná, Gòmbè, Màídúgùri tàbí Pọ́tákọ́ọ̀tù, ẹ ó rí i pé íńtálọ́ọ̀kì ti gba iwájú ilé kan. Ilé àdáni, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé ìpàdé ẹgbẹ́, òun náà ni. Ẹ ó sì tún rí èyí tí kò pé ọdún méjì tó ti rì. Ibi tí táyà mọ́tò ń gbà á ti di kòtò gígùn méjì, omi á dúró síbẹ̀, òkúta etí á ti dùbúlẹ̀, koríko á ti gba àárín rẹ̀ yọ.

Owó tó bá irú ìyẹn lọ kì í ṣe kékeré. Bó bá jẹ́ owó ẹgbẹ́ ni, owó tí aláta àti télọ̀ dá jọ lóṣooṣù ni. Ìdí nìyí tí a fi kó ohun tí a mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí jọ síbí, kí ẹni tó fẹ́ ṣe é lè mọ ohun tó máa béèrè, ohun tó máa wọ̀n, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ wà nídìí iṣẹ́. Kókó ọ̀rọ̀ wa ò pọ̀: òkúta tí ojú ń rí kọ́ ló ń gbé mọ́tò, ìpìlẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sì ti fi òkúta bò ó tán, kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tí wọ́n ṣe síbẹ̀ mọ́, àfi òjò.

Ìdí tó fi bá àwa tó wà lájò mu

Kọnkéré tí wọ́n dà sílẹ̀ gbalaja máa ń sán bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá mì, títún un ṣe ò sì rọrùn. Íńtálọ́ọ̀kì ò rí bẹ́ẹ̀. Bí páìpù omi bá bẹ́ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á yọ òkúta ibẹ̀, wọ́n á tún páìpù ṣe, wọ́n á dá òkúta kan náà padà. Bí ọ̀kan bá fọ́, ọ̀kan náà la máa pààrọ̀.

Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ fún àwa tó ń háyà. Ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù tàbí ilẹ̀ tó ń lò fún ọjà lè ṣa íńtálọ́ọ̀kì rẹ̀ kó lọ lọ́jọ́ tó bá ń kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú onílé kí típà àkọ́kọ́ tó dé o. Ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ti onílẹ̀ ni òfin sábà máa ń kà á sí, àyàfi tí àdéhùn bá sọ ọ̀nà mìíràn.

Ọgbọ́n yìí ò ṣàjèjì sí wa

Kí òyìnbó tó mú íńtálọ́ọ̀kì dé ni àwọn baba wa ti ń tẹ́ ilẹ̀. Nílé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ojú ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ jáde, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ti wà láti nǹkan bí 600 sí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ìlú bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àwọn ọmọ Oòduà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n rí irú ilẹ̀ alápáàdì bẹ́ẹ̀ ní Daima, nítòsí adágún Chad, ní Ìpínlẹ̀ Bọ̀nọ́ tí àwọn kan nínú wa ń gbé lónìí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: wọn ò da àpáàdì náà délẹ̀ ní pẹlẹbẹ. Etí rẹ̀ ni wọ́n gbé dúró, tí wọ́n to ó mọ́ra gbagidi, lọ́pọ̀ ibi ní àrà egungun ẹja. Àrà egungun ẹja yìí kan náà ló dáa jù lónìí fún ibi tí mọ́tò ń gbà, nítorí bí táyà bá ti òkúta kan síwájú, èyí tó dábùú rẹ̀ á dá a dúró.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí ẹ dúró lé

Ohun tó ṣiṣẹ́ nílé lọ́hùn-ún lè má ṣiṣẹ́ níbi tí a wà, torí ilẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ilẹ̀ dúdú. Ó pọ̀ ní Gòmbè, Bọ̀nọ́, Yòbè àti Adamáwá. Ní agbègbè adágún Chad, fírkì ni wọ́n ń pè é. Bí òjò bá rọ̀, á wú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á sùn kì, á sì sán débi pé ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀. Òkúta tí wọ́n tò lé e lórí láìgbẹ́ ẹ kúrò á máa gòkè, á máa sọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ jìn, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, kí wọ́n sì fi yẹ̀pẹ̀ pupa tó dáa rọ́pò rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí omi òrùlé máa ṣàn sí etí rẹ̀.

Ilẹ̀ yanrìn. Èyí ló pọ̀ lápá Kánò, Kàtsínà àti Sókótó. Omi ò ní dúró sínú rẹ̀, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n yanrìn máa ń sá. Bí òkúta etí ò bá lágbára, yanrìn abẹ́ á ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀, òkúta á sì máa ya ara wọn.

Yẹ̀pẹ̀ pupa. Ẹ ó bá a ní Kàdúná, Mínà, Àbújá àti ọ̀pọ̀ ibi ní Jọ́ọ̀sì. Òun ló rọrùn jù láti bá ṣiṣẹ́. Wàhálà rẹ̀ ò ju pé bí wọn ò bá gún un dáadáa, á di ẹrẹ̀ lákòókò òjò.

Ilẹ̀ àbàtà. Pọ́tákọ́ọ̀tù, Yẹnagóà, Wàrì. Omi ò jìnnà sí ojú ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ilẹ̀ náà sókè pẹ̀lú yanrìn gidi tàbí òkúta gíráníìtì, kí wọ́n sì tẹ́ aṣọ tí wọ́n ń pè ní geotextile sáàárín ẹrẹ̀ àti ìpìlẹ̀ kí méjèèjì má baà pò mọ́ra. Kì í ṣe ọ̀rá náílọ́ọ̀nù o. Ọ̀rá á há omi mọ́ ibẹ̀ ni, geotextile á jẹ́ kó lọ.

Bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ léra

1. Ìdagẹ̀rẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ máa ṣàn kúrò lára ilé, kì í ṣe sí ara ilé. Sẹ̀ntímítà 2 lórí mítà kọ̀ọ̀kan ló dáa. Bí ọ̀nà yín bá gùn tó mítà 10, iwájú gẹ́ètì á fi sẹ̀ntímítà 20 relẹ̀ ju iwájú ilé lọ. Rọ́bà tó mọ́ gaara tí bíríkìlà ń rọ omi sí ló máa fi wọ̀n ọ́n. Ẹ tún rí i pé ojú íńtálọ́ọ̀kì á fi tó sẹ̀ntímítà 15 relẹ̀ ju pèpéle ilé lọ, kí òjò má baà máa ta sára ògiri tàbí wọ yàrá. Páìpù omi àti wáyà iná tó bá máa gba abẹ́ rẹ̀, ìsinsìnyí ni kí wọ́n rì wọ́n.

2. Gbígbẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: òkúta sẹ̀ntímítà 6 tàbí 8, yanrìn 4, ìpìlẹ̀ 15. Àpapọ̀ rẹ̀ á tó 25 sí 27, ìyẹn bí ínǹṣì 10 sí 11. Bí iṣẹ́ bá fẹ́ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba, ibi tí wọ́n máa gbẹ́ dé nìyẹn. Gbogbo ilẹ̀ ọlọ́ràá tó ní gbòǹgbò àti ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ kúrò, torí ohun tó máa jẹrà lábẹ́ ilẹ̀ á fi àyè sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán, kí wọ́n fi kọ́ńpátọ̀ gún ìsàlẹ̀ rẹ̀.

3. Ìpìlẹ̀. Ibí ni owó yín wà. Yẹ̀pẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú, tàbí òkúta fífọ́ tí wọ́n pò mọ́ ẹ̀tù òkúta tí bíríkìlà ń pè ní sítóòndọ́ọ̀sì. Sẹ̀ntímítà 15 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gún un tán, fún ọkọ̀ kékeré. Bí ọkọ̀ tó ń ta omi tàbí típà bá máa ń wọlé, ẹ jẹ́ kó tó 20 sí 25. Wọn ò gbọ́dọ̀ dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó gún un, torí kọ́ńpátọ̀ kékeré ò lè dé ìsàlẹ̀. Ìdá méjì tàbí mẹ́ta ni kí wọ́n pín in sí, kí wọ́n gún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sí i kọ́kọ́: yẹ̀pẹ̀ tó gbẹ pátápátá ò ní dì, èyí tó rin gbindin náà ò ní dì. Bó bá ti tó, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ dì í mú; kó dúró bí òkìtì lọ́wọ́ yín láìro omi.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò: ẹ fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára yín. Bí ojú ẹsẹ̀ bá hàn, kò tíì tó. Ẹ da omi sí i, kí ẹ wò ó bóyá ó ń lọ síbi tó yẹ kó lọ. Bí omi bá dúró lójú kan, yẹ̀pẹ̀ ìpìlẹ̀ ni kí wọ́n fi dí kòtò náà. Kì í ṣe yanrìn.

4. Òkúta etí. Kí wọ́n gbé e dúró sínú kọnkéré, sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 2, gíráníìtì 4, kí kọnkéré náà sì gun ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìdajì. Kó gbẹ fún ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan ló dáa jù. Íńtálọ́ọ̀kì tí kò ní etí dà bí àpò tí wọn ò so ẹnu rẹ̀.

5. Yanrìn. Yanrìn gidi tó le, tí kò ní ẹrẹ̀ nínú, sẹ̀ntímítà 3 sí 5, kó dọ́gba níbi gbogbo. Wọ́n á fi páìpù méjì ṣe ojú irin, wọ́n á fi pákó tó tọ́ fà á. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá rí oníṣẹ́ tó ń da yanrìn tó ínǹṣì mẹ́rin síbì kan, ó ń fi yanrìn bo àìdọ́gba ìpìlẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, ibẹ̀ náà ló máa kọ́kọ́ rì.

6. Títò. Láti etí tó tọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, orí èyí tí wọ́n ti tò ni oníṣẹ́ á dúró sí. Kí àlàfo tó mílímítà 2 sí 5 wà láàárín òkúta, torí yanrìn tó máa wọ ibẹ̀ ló ń mú kí wọ́n di ara wọn mú. Ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi gé òkúta tó máa wọ etí, kì í ṣe òòlù. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀kù wẹ́wẹ́ àti sìmẹ́ńtì dí ibẹ̀, yóò ṣí kúrò ni.

7. Gígún àti ìdílàfo. Kí wọ́n tẹ́ rọ́bà sábẹ́ kọ́ńpátọ̀ kó má baà ha òkúta. Wọ́n á gún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á da yanrìn kíkúnná tó gbẹ sí i, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ gbá a wọnú àlàfo, wọ́n á tún gún un, wọ́n á tún gbá a. Títí yanrìn ò fi ní rì wọlé mọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí bí òjò kan bá ti rọ̀ sí i, kí wọ́n padà wá fi yanrìn kún un.

Bí a ṣe ń mọ òkúta tó dáa

Èyí tó nípọn tó sẹ̀ntímítà 6 wà fún ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ kékeré. Ẹ ra 8 bí ọkọ̀ ńlá bá máa ń wọlé. Kọnkéré ń gbó sí i tí wọ́n bá ń wọ́n omi sí i, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì fi ń wọn agbára rẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n mọ ọ́n. Èyí tí wọ́n mọ lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n fẹ́ kó fún yín lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ mú méjì, ẹ kàn wọ́n mọ́ra. Tó bá dún gan-an bí ìgbà tí a kan àwo, ó dáa. Tó bá dún bọ̀ọ̀, kò gbó. Ẹ fi ìṣó ha ojú rẹ̀. Bí ìyẹ̀fun bá ń bọ́, sìmẹ́ńtì rẹ̀ kéré. Ẹ fọ́ ọ̀kan kí ẹ wo inú rẹ̀, torí àwọn mìíràn a máa fi àwọ̀ dídán bo àárín tó jẹ́ yanrìn lásán. Ẹ to mẹ́wàá léra wọn, kí ẹ tún to mẹ́wàá mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí gíga wọn ò bá dọ́gba, ojú ilẹ̀ yín náà ò ní dọ́gba.

Ìṣirò kan fún àpẹẹrẹ

Ká ní ojú ọ̀nà fẹ̀ tó mítà 4, ó gùn tó mítà 10. Mítà 40 níbùú lóòró nìyẹn.

Òkúta onígun mẹ́rin tó jẹ́ sẹ̀ntímítà 20 sí 10: 50 ló wà nínú mítà kan níbùú lóòró. 40 lọ́nà 50 jẹ́ 2,000. Ẹ fi 100 kún un fún èyí tó máa fọ́ àti èyí tí wọ́n máa gé. Ẹ pa ogún mìíràn mọ́ sílé fún àtúnṣe, torí àwọ̀ tọdún tó ń bọ̀ lè má bá a mu.

Ìpìlẹ̀: 40 lọ́nà 0.15 jẹ́ mítà kúbíìkì 6 lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un. Yẹ̀pẹ̀ máa ń fà wọlé bí wọ́n bá ń gún un, nítorí náà bí 8 ni kí ẹ rà.

Yanrìn abẹ́ òkúta: 40 lọ́nà 0.04 jẹ́ 1.6. Bí 2 ni kí ẹ rà, ti àlàfo á wà níbẹ̀.

Bí iye tí oníṣẹ́ kọ bá jìnnà sí èyí, sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ jókòó tì í kó ṣàlàyé. Ìyẹ̀pẹ̀ mítà 3 fún ibi tó gba 8 kì í ṣe ẹ̀dínwó. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Owó ẹgbẹ́ àti àdéhùn

Ẹ̀bùn tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń rí gbà lọ́wọ́ wa ni pé a kì í sí nílé. A wà lọ́jà láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí alága, akọ̀wé àti akápò bá fi máa dé, òkúta ti bo ilẹ̀, ó ń dán, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọjọ́ méjì péré ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ pa ọjà tì: ọjọ́ tí wọ́n gún ìpìlẹ̀ tán, àti ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ yanrìn. Kó mú tépù dání. Kó gbẹ́ ihò kékeré síbi mẹ́ta nínú ìpìlẹ̀, kó wọ̀n ọ́n, kó ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú tépù nínú, kó fi sórí ẹ̀rọ ẹgbẹ́. Wọ́n á dí ihò náà, wọ́n á tún gún un.

Ẹ pín owó iṣẹ́ sí mẹ́rin: díẹ̀ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá wọn ìpìlẹ̀, díẹ̀ lẹ́yìn títò, kí ìyókù sì dúró di ìgbà tí òjò ńlá kan bá ti rọ̀ tàbí oṣù kan bá ti kọjá. Ẹ kọ sínú ìwé bí ìpìlẹ̀ ṣe máa nípọn tó, bí òkúta ṣe máa nípọn tó, àti pé kọ́ńpátọ̀ ni wọ́n máa lò. Ẹni tó bá sọ pé òun á fi igi gún un, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ti òkúta wẹ́wẹ́ oní-gọ́ọ̀mù ńkọ́?

Àwọn ará wa tó wà ní Ìlú Ọba ti fi fọ́tò irú èyí ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ nínú wa: òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà tó dì mọ́lẹ̀ láìtú, resin-bound ni wọ́n ń pè é. Gọ́ọ̀mù alápá méjì ni wọ́n ń pò mọ́ òkúta gbígbẹ nínú ẹ̀rọ, wọ́n á sì fi ọwọ́ tẹ́ ẹ nípọn tó bíi sẹ̀ntímítà kan ààbọ̀. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kó gbajúmọ̀ níbẹ̀, torí láti oṣù October 2008 ni ẹni tó bá fẹ́ fi ohun tí omi ò lè gbà kọjá bo iwájú ilé tó ju mítà 5 níbùú lóòró lọ ní England, tí kò sì wá ibi tí omi rẹ̀ máa rì sí nínú ọgbà, ti ní láti gba àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀.

Ó rẹwà, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n òkúta tó bá tutù díẹ̀ á ba gọ́ọ̀mù náà jẹ́, ooru tó pọ̀ á sì mú kó dì kí oníṣẹ́ tó tẹ́ ẹ tán. Kò sì lè dá dúró: orí ọ̀dà títì tàbí kọnkéré tó lágbára ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí. Ọ̀rọ̀ náà tún padà sábẹ́ ilẹ̀. Bó bá sì bàjẹ́, kò ṣeé ṣa kó lọ. Lójú tiwa, íńtálọ́ọ̀kì ló ṣì tọ́ sí ẹni tó wà lájò.

Ìtọ́jú

Ẹ máa gbá a, ẹ máa fa koríko rẹ̀ kó tó ta gbòǹgbò. Ẹ má fi omi alágbára fọ̀ ọ́, yanrìn àlàfo á bá a lọ. Bí ọ́ìlì bá dà sí i, ẹ da yanrìn gbígbẹ lé e kíákíá kó fà á mu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ìparí òjò, ẹ yẹ gọ́tà wò, kí ẹ sì fi yanrìn dí àlàfo tó bá ti ṣófo.

Bí ibì kan bá rì, ẹ má da sìmẹ́ńtì lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣa òkúta ibẹ̀ àti èyí tó yí i ká, kí wọ́n kó yanrìn kúrò, kí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ ìpìlẹ̀ kún un, kí wọ́n gún un, kí wọ́n tó dá yanrìn àti òkúta padà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni bó bá ṣì kéré. Bó bá pẹ́, mọ́tò á fi kún un, omi á sì fi kún un.